Ẹ ṣọ́ra o: 2TB tí wọ́n kọ sára SSD n'Ílọrin lè jẹ́ irọ́

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, àti ẹ̀yin tó máa ń ti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà nígboro wa, ayédèrú SSD, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, wà lọ́jà. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àbúrò mi obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, ra èyí tí wọ́n pè ní 2TB (àyè térábáìtì méjì), irú tí wọ́n ń fi okùn USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Owó tí wọ́n gbà kò tó ìdajì iye tí ojúlówó ń lọ. Ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú rẹ̀, Windows gbé 2TB jáde, ló bá sanwó. Ó kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ṣí mọ́. A tú u palẹ̀: mẹ́mórì káàdì, irú tí a ń kì bọ fóònù, ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú ike. Ó dùn mí gan-an.

Ètò tó ń darí nǹkan náà ni wọ́n yí, kó lè máa pa irọ́ iye àyè tó ní fún kọ̀ǹpútà. Bí àyè gidi bá tán, kò ní sọ pé òun ti kún. Á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Nítorí náà, rírí 2TB lójú Windows kì í ṣe ẹ̀rí rárá.

H2testw, ètò kan fún Windows, ló ń tú àṣírí wọn fó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tó ń lo Linux tàbí Mac, F3 ni tiyín. Wọ́n á kọ nǹkan kún un dé ẹnu, wọ́n á sì kà á padà wò. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ rí i pé iná wà. Ẹ ṣe é nígbà tó ṣì ṣófo. Bí wọ́n bá ní tuntun ni, ẹ fi ètò CrystalDiskInfo wo Power On Hours, iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́: tuntun kì í ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, ẹ má gbára lé e nìkan.

Jìbìtì kejì tún wà. Kí a tó tú u, nígbà tó ń falẹ̀, àbúrò mi gbé e padà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ọ̀gá ní SSD ń fẹ́ sáfíìsì lóṣooṣù, ó gbowó, ó sì ṣe defrag, ìyẹn títo ègé fáìlì tó fọ́n ká jọ, fún un. Hádì dísìkì tó ń yí ni defrag wà fún. Lára SSD, ṣe ló ń jẹ lára ẹ̀mí rẹ̀. Láti Windows 7, ní 2009, ni TRIM, tó ń sọ fún SSD àyè tí a ti pa fáìlì rẹ̀ rẹ́, ti wà fún SSD inú kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ `fsutil behavior query DisableDeleteNotify` sínú Command Prompt. Bí ìlà tí wọ́n kọ NTFS sí bá gbé 0 jáde, TRIM wà ní títàn. Kí ẹ sì fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ lófìfo. Kò sí sáfíìsì tí ẹ ó sanwó fún.

Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ọjà, iye àyè, àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà wà lórí rẹ̀. Ọlọ́jà tó bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá sì kọ̀ láti dá owó padà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹjọ́ oníbàárà.

Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ kó èyí tó bá ṣì ń ṣí síbòmíràn lónìí.