Porsche Boxster 986 àlòkù: ojú tí aráyé fi ń wo onímọ́tò, àti ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò gan-an

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, Porsche Boxster tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2004, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 986, kì í sábà ju £4,000 sí £8,000 lọ. Yaris àlòkù tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé mọ́tò méjèèjì lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham. Ẹni tó wa Yaris á rọra wá àyè sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹni tó wa Boxster, kó tó pa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n á ti máa pè é ní ọ̀gá, tí wọ́n á sì máa béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ojú méjì ni aráyé fi ń wo ẹni tó bá ní mọ́tò yìí. Àwọn tí ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò rí àmì ẹṣin tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbà pé owó ti dé. Láti ọjọ́ náà, iye tí wọ́n máa dá lé e lórí nínú owó ẹgbẹ́ àti owó ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì á lọ sókè, àwọn tó fẹ́ yáwó á sì mọ ojúlé rẹ̀. Àwọn tó mọ mọ́tò ńkọ́? Àwọn tó ń gun 911, Porsche tó wọ́n jù ú lọ, á ní ẹni tí apá rẹ̀ ò ká 911 ló ń ra Boxster. Àwọn òyìnbó ń pè é ní mọ́tò onídìrí, wọ́n tún ní àgbàlagbà tó fẹ́ padà di ọmọ ogún ọdún ló ń rà á. Ẹnì kan náà, mọ́tò kan náà: níhìn-ín wọ́n ń gbé e gẹṣin tí kò ní, lọ́hùn-ún wọ́n ń fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń sọ: “Ìjókòó méjì péré? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ibo ni ìyá ìyàwó rẹ máa jókòó sí?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fún ẹni tó ní ìdílé, mọ́tò kejì ni Boxster, kò lè jẹ́ ìkíní. Ìjókòó ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́. Òfin ò gbà á, ewu ẹ̀mí sì ni fún ọmọ náà. Tó bá jẹ́ ti ẹrù, kò burú rárá. Búùtù méjì ló ní, ti iwájú jìn, ti ẹ̀yìn fẹ̀. Èyí ló máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì fún àwọn wò: wọ́n ṣí iwájú, búùtù ni, wọ́n ṣí ẹ̀yìn, búùtù ni. Àárín ni ẹ́ńjìnnì wà, lẹ́yìn ìjókòó, lábẹ́ ibi tí òrùlé aṣọ ń ká sí. Ibẹ̀ ni adùn mọ́tò yìí ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìnáwó rẹ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọjà Porsche ti dẹnu kọlẹ̀. Wendelin Wiedeking tó di ọ̀gá àgbà wọn pe àwọn ará Japan tó ti ṣiṣẹ́ ní Toyota wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dín ìnáwó kù. Wọ́n fi àwòṣe Boxster han aráyé ní Detroit ní 1993, mọ́tò fúnra rẹ̀ sì bọ́ sọ́jà ní 1996. Torí kí owó má baà pọ̀ jù, iná iwájú, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n tún lò fún 911 tó jáde tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn ní Jámánì ò lè ká iye tí ọjà ń béèrè mọ́, Valmet ní Finland bá wọn ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Mọ́tò tí àwọn onímọ́tò 911 ń fojú di yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí 911 ṣì wà.

Bó ṣe ń rìn kò bá yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe mu. Ti àkọ́kọ́, lítà 2.5, agbára ẹṣin 204 ló ní. Láti ọdún 2000, lítà 2.7 gba ipò rẹ̀ pẹ̀lú 220, wọ́n sì gbé S oní lítà 3.2 jáde pẹ̀lú 252. Nítorí pé àárín ni ẹ́ńjìnnì wà, ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba, ìdarí rẹ̀ sì ń sọ fún ọwọ́ ohun tí tááyà ń ṣe lórí títì. Mọ́tò tuntun tó tó ìlọ́po mẹ́rin owó rẹ̀ wà tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn yẹ̀yẹ́ yẹn, ohun kejì tó mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀ ni ìbẹ̀rù béárìn IMS (intermediate shaft, ìyẹn ọ̀pá àárín). Ẹ jẹ́ ká là á dáadáa. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tó ń gba agbára lọ́wọ́ crankshaft (ọ̀pá ńlá tí písítìnì ń yí), tó ń fi ṣéènì yí àwọn camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù). Béárìn tó gbé ìdí ọ̀pá náà dúró lápá gíà ní gíríìsì tirẹ̀ nínú, wọ́n sì fi síìlì dé e. Bó bá pẹ́, síìlì á gan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á wọlé, á fọ gíríìsì dànù. Béárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, ọ̀pá á máa mì, ṣéènì á fò, fáàfù á sì kọlu písítìnì. Ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn, iye tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀ sì ju owó mọ́tò lọ. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ títí di bí ọdún 2000 ní béárìn onílà méjì, tó lágbára jù. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ onílà kan, òun ló máa ń bàjẹ́ jù. Láti bí ọdún 2006, nínú 987, Boxster tó tẹ̀ lé 986, wọ́n fi béárìn tó tóbi sí i, tó ń pẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yọ àfi kí wọ́n la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti 2009 kò ní irú ọ̀pá náà mọ́.

Mọ́tò tí wọ́n fi pamọ́ sí gáréèjì, tó jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan ló ń jáde, ni béárìn yìí ti máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń rìn lójoojúmọ́ lọ. Nítorí náà, kí ojú yín má fà sí nọ́ńbà máìlì tó kéré. Èyí tó ti rin 90,000 máìlì, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lọ́dọọdún, sàn ju èyí tó rin 35,000 tí ìwé rẹ̀ dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti rà á, kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọọdún tàbí ní gbogbo 5,000 máìlì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọ́ìlì 0W-40 ni. Ẹ ra lítà mẹ́sàn-án, ẹ rọ mẹ́jọ, kí ẹ wá máa fi ọ̀pá ìwọ̀n bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Fílítà rẹ̀ ni Mahle OX 128/1D. Ẹ má ju fílítà àtijọ́ nù. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ tẹ́ ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, ẹ tú àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi òòfà kàn án káàkiri. Bí èérún tó ń dán bá lẹ̀ mọ́ òòfà, irin béárìn lè ti wà níbẹ̀, kí mọ́tò má tún rìn títí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n á fi wò ó. Ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán ló dáa jù láti pààrọ̀ béárìn náà, torí gíà ti gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì, béárìn IMS àti síìlì ẹ̀yìn crankshaft, kí wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó dá dúró, ẹ ṣètò £1,500 sí £2,500.

Omi ló tún ń pa ẹ́ńjìnnì yìí. Rédíétọ̀ méjì wà nínú bọ́ńpà iwájú, ọ̀tún àti òsì. Ewé gbígbẹ máa ń wọ ojú ihò náà, á dúró láàárín rédíétọ̀ àti ti AC, á mú ọ̀rinrin dání, irin á sì jẹrà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà: bí ewé bá kún ibẹ̀, onímọ́tò náà ò tọ́jú ohun mìíràn. Abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ọ̀ǹpù omi jẹ́ ti ike, ó lè kán, èérún rẹ̀ á sì bá omi lọ dí ọ̀nà. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ pààrọ̀, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó, wọ́n á tú pátákó irin tó wà níbẹ̀. Táńkì omi sì wà nínú búùtù ẹ̀yìn, ó máa ń là. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù náà, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bó bá tutù, tó ń rùn bí ohun dídùn, táńkì ti ń jò.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án. Èéfín búlúù díẹ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí ṣe ni àwọn písítìnì rẹ̀ sùn sílẹ̀, ọ́ìlì máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Èéfín funfun tó bo àdúgbò tí kò sì dáwọ́ dúró ni ìṣòro: ohun tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára afẹ́fẹ́ ti bẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nínú búùtù ẹ̀yìn. Bó bá fà á mọ́ra débi pé ó ṣòroó ṣí, òun náà nìyẹn. Ẹ ká òrùlé sílẹ̀ kí ẹ sì gbé e padà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ wo ihò tí omi òjò ń gbà jáde ní igun méjèèjì ibi tó ń ká sí. Bí ewé bá dí i, omi á wọ inú mọ́tò, á ba àpótí iná tó wà lábẹ́ ìjókòó jẹ́, mọ́tò ò sì ní jí mọ́. Ìtàn MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí mọ́tò gbà) wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gov.uk, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé sípíríìnì kán, ó wọ́pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo tááyà. Lórí irin ínǹṣì 17, ti iwájú jẹ́ 205/50, ti ẹ̀yìn 255/40. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ oríṣi méjì tí kò bá ara wọn mu, olówó pọ́ọ́kú, tí etí inú wọn sì ti jẹ dé wáyà, ẹ ti mọ irú ẹni tó ni ín. Ojú ayé ló rà á fún. Irú onímọ́tò bẹ́ẹ̀ á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, á fi nọ́ńbà aláràbarà sí i, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kan tó lè fi hàn yín. Inú mi kì í dùn sí mọ́tò tí wọ́n lò báyìí, torí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ló máa san gbogbo ohun tí wọn ò ṣe.

Mẹkáníìkì pàápàá ní ojú tó fi ń wo onímọ́tò yìí. Ibòmíràn, kété tí wọ́n bá ti gbọ́ Porsche, owó iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti yọ gíà 986 rí. Ẹni tó bá ń fi “mọ́tò olówó nìyí” dá yín lóhùn, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ohun èlò Bosch tàbí Mahle tí wọ́n tà láìsí páálí Porsche kì í wọ́n tó ti inú páálí.

Fún ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, ojú ọlọ́pàá tún wà ńbẹ̀. Ẹ fi ìwé ìnṣọ́ránsì sórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má fi V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò) sínú mọ́tò, ilé ni kó wà. Ní Nàìjíríà, fífura sí ọ̀dọ́ tó bá gun mọ́tò tó dáa wà lára ohun tó gbé àwọn èèyàn jáde fún ìwọ́de #EndSARS ní October 2020. Ẹni tó bá sì ń rò ó pé òun á fi ti London ránṣẹ́ sílé, kó jáwọ́: mọ́tò tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò bófin mu níbẹ̀, ikùn Boxster sì sún mọ́lẹ̀ jù fún kòtò àti sípíìdì bírékà wa.

Tí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ rà á, ẹ sọ ọ́. £5,500 tí ẹ sọ lójú gbogbo èèyàn á dá ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ yáwó padà, á sì pa ìfura lẹ́nu mọ́.

Nínú gbogbo 986, S ti 2003 tàbí 2004 oní gíà ọlọ́wọ́ ni mo máa ní kí ẹ rà, tí ìwé bá wà pé wọ́n ti pààrọ̀ IMS rẹ̀. Gíláàsì ni fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀; ti àwọn tó ṣáájú jẹ́ ike tó ń pọ́n, tó sì ń ya bí wọ́n bá ká a nínú òtútù. Tí owó bá mọ níwọ̀n, 2.7 tó ní ìwé dáadáa tó. Ẹ má torí pé 987 rí tuntun sáré sí i láìwo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: èyí tó bọ́ sí 23 March 2006 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, owó orí rẹ̀ lè ju £700 lọ lọ́dún, nígbà tí ti 986 tó jáde láti March 2001 kò ju £400 àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé ní London, kó tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sórí ojú òpó TfL (àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà London) kó tó sanwó, kó má lọ di pé £12.50 ni yóò máa san fún ULEZ (owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́) lójoojúmọ́ tó bá gbé e jáde.