Sípíkà kékeré àbí ẹ̀rọ olówó ńlá: èwo ni ká fi gbọ́ orin nílé?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn orin ní Òṣogbo: ṣé ká ra sípíkà Bluetooth kékeré, àbí ká tu owó jọ ra ampilifáyà àti sípíkà ńlá méjì?

Ohùn ni kókó. Etí èèyàn ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ń wálẹ̀ tó), ṣùgbọ́n sípíkà kékeré kì í sábà gbé ohun tó bá lọ sílẹ̀ ju 100 Hz lọ jáde dáadáa. Ẹ fi orin jùjú sí i: gìtá á dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dún, àmọ́ gìtá béèsì á kàn máa kùn lábẹ́lẹ̀. Lórí ti ńlá, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń dá ìlù lóhùn, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Ti àwo àpàlà àtijọ́ yàtọ̀; mono, ìyẹn ohùn ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀, kékeré ò ní fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́.

Iná lọ, ti kékeré ṣì ń kọrin lórí bátìrì. Ti ńlá nílò stabilizer, torí iná tó bá ya dé lójijì lè jó o. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. Bí bátìrì kékeré bá kú, jíjù ni wọ́n sábà ń jù ú.

Bí ẹ bá ń gbé yàrá kan nílé ayálégbé ní Òkè-Báálẹ̀, ẹ mú kékeré, béèsì ńlá máa ń wọ ògiri dé ọ̀dọ̀ ará ilé. Bí ẹ bá ní pálọ̀ tiyín, tí ẹ sì máa ń jókòó tẹ́tí sórin, ẹ ra ńlá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ta kọ́tìnì, kí ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì, kí ohùn má baà máa ta padà lára sìmẹ́ńtì.