FFmpeg Lọ́wọ́ Ayàwòrán Àkúrẹ́: Irinṣẹ́ Tó Ń Sọ Fọ́tò Di Fídíò

Ó ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí kí wọ́n ṣe ìsìnkú àgbà tàbí ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ní Àkúrẹ́ kí wọ́n má gbé fídíò fọ́tò sójú ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ á kó fọ́tò jọ láti ìgbà tí bàbá wọn ṣì jẹ́ tíṣà ní Ìdànrè títí dé ìgbà tó di bàbá àgbà, ayàwòrán á tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi orin sí i, á sì gbé e sínú fúláàṣì fún ẹni tó ń mójú tó pírójẹ́kítọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe. FFmpeg, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ fa ènìyàn mọ́ra rárá.

Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà wá. Ọ̀fẹ́ ni. VLC tí a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà ń lo apá kan lára rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó ń lé ènìyàn sẹ́yìn ni pé kò ní bọ́tìnì kankan tí a lè tẹ̀. Àṣẹ ni a ń kọ sí i nínú fèrèsé dúdú, bí àmì kan ṣoṣo bá sì yẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn áàpù orí fóònù wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì dára fún fọ́tò mẹ́wàá tí ènìyàn fẹ́ gbé sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń lẹ àmì tiwọn mọ́ igun fídíò àfi tí ènìyàn bá sanwó, kò sì bójú mu kí orúkọ áàpù máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú olóògbé níwájú gbogbo ẹbí. FFmpeg kì í lẹ nǹkan kan mọ́ iṣẹ́ ẹni. Lẹ́yìn ìgbà tó bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kò tún béèrè dátà mọ́: iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ṣì lágbára, iṣẹ́ ń lọ.

Àṣẹ tó rọrùn jù fún iṣẹ́ wa nìyí:

ffmpeg -framerate 1/5 -i foto%03d.jpg -c:v libx264 -r 25 -pix_fmt yuv420p isinku.mp4

Apá àkọ́kọ́, -framerate 1/5, ń sọ pé kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kí ó ka àwọn fọ́tò tí a pè ní foto001.jpg, foto002.jpg àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní títẹ̀léra. -c:v libx264 ń yan libx264, ohun tó ń sọ àwọn fọ́tò di fídíò irú H.264. Fọ́tò 100 yóò fún wa ní fídíò oníṣẹ́jú 8 àti àáyá 20. Àáyá 5 tó fún fọ́tò tó ní ẹnì kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò gbogbo ẹbí, àwọn èrò á ṣì máa wá ojú ara wọn nígbà tó bá kọjá, inú wọn kì í sì í dùn sí i.

Nínú -r 25 àti -pix_fmt yuv420p ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dúró lórí wọn. Férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) 25 láàárín àáyá kan ni ètò PAL tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa bá dàgbà. Bí a kò bá kọ -r 25, fídíò tí yóò jáde yóò ní férémù kan péré láàárín àáyá 5, àwọn ẹ̀rọ kan kì í sì í mọ ohun tí wọn yóò fi irú rẹ̀ ṣe: ojú wọn á kàn ṣókùnkùn. Ti yuv420p tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì PNG, àti àwọn JPEG kan, máa ń tọ́jú àwọ̀ píkísẹ́lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, FFmpeg sì máa ń gbìyànjú láti pa á mọ́ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti fóònù kò mọ irú èyí. Èyí tí píkísẹ́lì mẹ́rin ti jọ ń pín àwọ̀ kan lò ni wọ́n mọ̀, òun sì ni yuv420p. Ìdí nìyẹn tí fídíò fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù ayàwòrán nílé, ṣùgbọ́n tí tẹlifíṣọ̀n gbọ̀ngàn á kọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn àlejò ti jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó fún mi láti dúró ti irinṣẹ́ tó jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi yan irú àwọ̀ tí fídíò yóò ní, dípò èyí tó ń yàn án fún mi lábẹ́lẹ̀.

Ìṣòro mìíràn wà nínú fọ́tò àtijọ́. Fọ́tò dúdú-òun-funfun tí a gbé gba orí ẹ̀rọ síkáánà, tí a sì gé etí rẹ̀ tó ti ya, lè já sí píkísẹ́lì 1247 ní ìbú àti 1683 ní gíga. Nọ́ńbà méjèèjì kò ṣeé pín sí méjì, libx264 yóò sì kọ̀ pátápátá, yóò kọ ọ́ sójú fèrèsé pé “width not divisible by 2”. Bákan náà, fọ́tò tí wọ́n dúró yà lórí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè ga, ojú ògiri sì fẹ̀, bí ẹni tó ṣe fídíò kò bá sì ṣọ́ra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé á gbòòrò ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ìlà kan ló ń yanjú méjèèjì, tí a ó fi sáàárín àṣẹ òkè yẹn ṣáájú orúkọ fídíò:

-vf "scale=1920:1080:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=1920:1080:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,setsar=1"

Èyí yóò mú kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọ inú 1920 sí 1080 láìfà á, yóò sì fi dúdú kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ dúdú yẹn. Èmi fẹ́ ẹ ju kí wọ́n gé fìlà lórí bàbá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí a bá lo %03d, nọ́ńbà kò gbọdọ̀ fò. Bí ẹbí bá ní kí a yọ foto047 kúrò, tí a sì pa á rẹ́ lásán, fídíò yóò parí sí 046, àwọn fọ́tò tó kù kò sì ní wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ilé olórogún ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ètò fọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, wọn yóò sì máa yí i padà títí di alẹ́ àìsùn. Ohun tó dára jù ni kí a kọ orúkọ àwọn fọ́tò sínú fáìlì tẹ́ẹ̀sì kan, kí a sì lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní concat, níbi tí a ti lè fún fọ́tò ńlá olóògbé ní àáyá 10, kí a sì fún àwọn tó kù ní 4. Ẹ rántí láti kọ orúkọ fọ́tò tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkókò tí a fún un kì í dúró.

Tí oníbàárà bá ń fẹ́ kí fọ́tò kan máa yọ́ wọ inú èkejì, xfade wà fún un láti ẹ̀yà 4.3 tó jáde ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n a ní láti ṣírò àkókò fún gbogbo ìparapọ̀, àṣẹ náà á sì gùn débi pé yóò nira láti kà. Zoompan, tó ń jẹ́ kí fọ́tò máa sún mọ́ ni díẹ̀díẹ̀, máa ń gbọ̀n bí a kò bá kọ́kọ́ sọ fọ́tò di ńlá. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Shotcut, ètò tí a fi ń tún fídíò ṣe, ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, FFmpeg náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní bọ́tìnì.

Ìwọ̀n fáìlì ni ó tún wú mi lórí. Fọ́tò tó dúró fún àáyá 5 jẹ́ férémù 125 tí kò yàtọ̀ síra, H.264 yóò kọ àkọ́kọ́ ní kíkún, fún àwọn tó kù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ ju pé kò sí ohun tó yí padà. Bí a bá fi -tune stillimage sí i, yóò tún ṣètò ara rẹ̀ fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í wúwo, àwọn ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó sì lè gbà á láìjẹ dátà ẹni tó fi ránṣẹ́ tán. Fún orin, ẹ fi -i orin.mp3 kún un lẹ́yìn ti fọ́tò, kí ẹ sì fi -shortest sí i kí orin má bàa máa lọ lẹ́yìn fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bí orin náà bá gùn tó, nítorí bí orin bá kúrú, fọ́tò ni yóò gé.

Lórí Ubuntu, sudo apt install ffmpeg ti tó. Lórí Windows, ẹ gbà á láti ìkànnì ffmpeg.org, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún ni ní èyí tó ti ṣetán. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi sínú Termux, áàpù tó ń jẹ́ kí a kọ irú àṣẹ yìí lórí fóònù Android, pẹ̀lú pkg install ffmpeg. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, fóònù á sì gbóná, nítorí náà ẹ fi fóònù sí iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.