Awò wo ló yẹ kí ẹ rà láti fi wo pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà n'Ìbàdàn?

Bí ẹ bá rí awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n kọ “525×” (pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525) gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ìbú dígí iwájú bá jẹ́ mílímítà 70, téèyàn bá ti sún un kọjá ìlọ́po 140, àwòrán kò ní já gaara mọ́. Ìbú dígí àti ìdúró tí kì í gbọ̀n ni kí ẹ sanwó fún.

Awò olójú méjì 10×50 (ìlọ́po 10, dígí iwájú mílímítà 50) ló rọ̀ lọ́rùn jù. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, ẹ ó rí òṣùpá Júpítà mẹ́rin tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí lọ́dún 1610: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á ti pààrọ̀ ipò. Júpítà fúnra rẹ̀ kò ní ju rogodo funfun kékeré lọ. Ẹni tí kò tíì dá lójú pé òun á tẹra mọ́ ọn, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Awò 70mm orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Ní nǹkan bí ìlọ́po 70, ẹ ó rí ìgbànú dúdú méjì, ìyẹn ìkùukùu tó yí i po, lára Júpítà, ó sì dùn ún wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìṣòro. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà ìtòsí ọ̀gangan orí wa ni Júpítà ń gbà kọjá. Ìyẹn dáa fún àwòrán, torí afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kéré. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ojú awò yẹn sókè tán, ìdí rẹ̀ á máa gbá ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìka lásán kàn án, Júpítà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Èmi, Dobsonian 150mm, irú awò tó ń fi dígí bíi jígí kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ni màá rà. Àpótí pákó ni ìdí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò béèrè bátìrì, iná NEPA kò kàn án. Ìmọ́lẹ̀ tí dígí rẹ̀ ń kó ju ìlọ́po mẹ́rin ti 70mm lọ. Ní 150×, etí ìgbànú yẹn á di jákujàku. Àmì Pupa Ńlá, ìyẹn ìjì ńlá kan lára Júpítà, á hàn bó bá kọjú sí wa. Júpítà kì í lò tó wákàtí 10 kó tó yí po, ẹ ṣáà dúró dè é. Nígbà mìíràn òjìji òṣùpá kan á máa fà kọjá lójú rẹ̀, kékeré, dúdú kirikiri. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò fẹ́ wọlé mọ́. Ó wúwo lóòótọ́, kì í ṣe ẹrù ọ̀kadà, ẹ sì ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to dígí rẹ̀ kó bára mu.

Ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìní àgbàlá lè wo Maksutov 90mm, awò kúkurú kan tó ń lo dígí àti jígí pa pọ̀. Ó wọ báàgì, àwòrán rẹ̀ já gaara, owó rẹ̀ ló ga ju ìbú dígí rẹ̀ lọ.

Èyí ó wù kí ẹ rà, ẹ má ṣe wo Júpítà gba orí òrùlé páánù tí oòrùn ti sè látàárọ̀, irú èyí tó kún Máàpó àti Bẹẹrẹ. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀ á mú kí Júpítà máa hó. Orí koríko ló dáa, kí ẹ sì jẹ́ kí Júpítà gòkè dáadáa. Iná òpópónà Bódìjà kò lè pa á mọ́ yín lójú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku dànù lára dígí, ẹ má fi aṣọ nù ún.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn lára dígí, ó ti bu nìyẹn, òjò Ìbàdàn á sì jẹ́ kó gbilẹ̀ sí i. Ẹ má rà á.