Káìtì wo ni kí ẹ rà fún ìdílé? Délítà, dáyámọ́ńdì, aláìlọ́pàá àti olókùn méjì

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ra káìtì nítorí àwòrán tó wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, káìtì á kọ̀ kò ní gòkè, àwọn ọmọ á sáré títí á fi rẹ̀ wọ́n, ni wọ́n bá ká a padà sílé, kò sì tún ní jáde mọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe káìtì yẹn. Òun àti afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ni kò bára mu. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ níbi tí ẹ ó ti máa lò ó, kí ẹ tó dé ọjà.

Ẹ lè fi ojú lásán wọn afẹ́fẹ́. Bí ewé bá ń mi lẹ́lẹ́ tí ẹ sì ń mọ atẹ́gùn lára lójú yín, ó ń sáré tó kìlómítà 6 sí 11 ní wákàtí kan. Bí ewé àti ẹ̀ka tín-ín-rín kò bá sinmi, tí àsíá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì nà gbọọrọ, ó ti di 12 sí 19. Bí eruku àti bébà bá ń fò kiri, ó ti wọ 20 sí 28. Inú òṣùwọ̀n Beaufort, èyí tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, ni àwọn àmì wọ̀nyí ti wá. Bí odidi igi kékeré bá ti ń mì, ẹ jẹ́ kí káìtì wà nílé lọ́jọ́ yẹn.

Délítà àti dáyámọ́ńdì

Àwọn méjèèjì yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ra káìtì sábà máa ń fi wéra. Délítà ní apá méjì bíi ti ẹyẹ, ó sì ní awẹ́ aṣọ onígun mẹ́ta kan lábẹ́ ikùn, ibẹ̀ ni a ń so okùn mọ́. Kò sí okùn ìdè, ìyẹn okùn kúkúrú tó so ara káìtì mọ́ okùn gígùn, tí ẹ ó máa tún so káàkiri, kò sì pọn dandan kó ní ìrù. Afẹ́fẹ́ kìlómítà 6 sí 25 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́, ìyẹn ni pé ó lè gòkè lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ò lè gbéra nílẹ̀.

Dáyámọ́ńdì ni èyí tí gbogbo wa máa ń yà sí bébà: ọ̀pá méjì tó dábùú ara wọn, aṣọ onígun mẹ́rin, ìrù gígùn. Ìrù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni kì í jẹ́ kí káìtì pẹlẹbẹ yí gbirigbiri, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún irú èyí tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, tí William Eddy ará Amẹ́ríkà ṣe ní àwọn ọdún 1890. Ohun tó dára jù lára dáyámọ́ńdì ni pé bí ọ̀pá kan bá dá, ẹ lè tún un ṣe nílé. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn ìdè rẹ̀ ti pàdé okùn gígùn gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ. Ẹ sún un sókè sí orí káìtì díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ sún un sísàlẹ̀ bí kò bá pọ̀.

Délítà ni èmi yóò kọ́kọ́ rà, èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.5 sí 2. Ẹ má rò pé èyí tó kéré jù ló rọrùn fún ọmọdé. Káìtì kékeré a máa jà gìrìgìrì lókè. Èyí tó fẹ̀ díẹ̀ a máa dúró ṣinṣin. Ẹ má sì ra èyí tó ju mítà 2 lọ fún ọmọ kékeré, nítorí ó lè wọ́ ọ.

Aláìlọ́pàá àti oníàpótí

Domina Jalbert ló ṣe aláìlọ́pàá ní 1964. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu rẹ̀ wọ inú, á wú bí ìrọ̀rí, kò sì sí ọ̀pá kankan tí yóò dá. Ó ń wọ inú àpò kékeré, ìyẹn sì dára fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá dá, á rọ wọ̀ọ̀, á sì já bọ́.

Oníàpótí, èyí tó rí bí àpótí tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó le díẹ̀, títò rẹ̀ sì ń gba àkókò. Àmọ́ agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ní Ọsítrélíà ní 1894, mẹ́rin nínú rẹ̀ gbé Lawrence Hargrave, ẹni tó ṣe é, kúrò nílẹ̀ tó mítà 5. Ẹ fi ṣe káìtì kejì.

Olókùn méjì

Èyí máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ gan-an. Ẹ fa ọwọ́ òsì, ó yà sí òsì. Ẹ fa ọ̀tún, ó yà sí ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á kàn máa wòran ni, eré rẹ̀ sì yá débi pé ó lè ṣe èèyàn léṣe bó bá já lù ú. Okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kúrú, káìtì á máa yà sápá kan ṣáá. Fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ wo aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ṣe onígun mẹ́rin kéékèèké, náílọ̀n tí yíya rẹ̀ kì í tàn kálẹ̀ ni. Ọ̀rá lásán á ya láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan àpò tí orí ọ̀pá wọ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ọ̀pá fáíbà gíláàsì tẹ̀ dáadáa. Ti kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bó bá dá, ẹ̀rún rẹ̀ a máa gún ọwọ́.

Okùn pọlíẹ́sítà tí wọ́n hun ni kí ẹ gbà. Fún délítà alámítà méjì, èyí tó lè gba ìwọ̀n kílò 20 sókè ló dára. Okùn ìpẹja a máa gé ọwọ́. Okùn tí wọ́n fi ìgò lílọ̀ pa lára, ẹ má rà á rárá: ó ń pa ẹyẹ, ó ti pa èèyàn, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn àyíká ní Íńdíà sì fòfin dè é ní 2017.

Bí ẹ bá dé pápá

Ẹ jìnnà sí wáyà iná, ẹ jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ má sì gbé e jáde bí ààrá bá ń sán. Okùn tútù a máa gbé iná wọ ara. Ẹ yẹra fún ẹ̀yìn ilé àti igi, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti dàrú. Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ wà pẹ̀lú: ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káìtì kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà 60 lọ láìgba àṣẹ.

Ẹ má sáré. Ẹni tó mú okùn kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ẹnì kejì gbé káìtì lọ sí iwájú rẹ̀ tó mítà 20, ó gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì ju ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí okùn bá le. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo kọ́kọ́ fi okùn lé e lọ́wọ́ báyìí. Okùn náà ń gbọ̀n rìrì, ó sì ń kùn lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ó ń sọ̀rọ̀."

Bó bá tó àkókò láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì le, ẹ má fi tipátipá ká okùn. Kí àgbà kan wọ ìbọ̀wọ́, kó di okùn mú lókè, kó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ sọ́dọ̀ káìtì títí tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni kí àwọn ọmọ tó ká okùn.