Kíìtì àyẹ̀wò PCOS tí wọ́n ní ká ṣe fúnra wa nílé: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Ẹ̀yin obìnrin, mo ti lo kíìtì tí wọ́n ń polówó kiri yẹn o, èyí tẹ́ ẹ máa gún ọmọ ìka yín, ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí, ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù, wọ́n á wá sọ bóyá ẹ ní PCOS, ìyẹn ìṣòro họ́móònù obìnrin tó máa ń da nǹkan oṣù rú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò dunni, ìwé àlàyé ẹ̀ yéèyàn. Àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó kún àwọn róbótó orí páálí yẹn, hmm, ẹ ó fún ìka títí, ẹ yáa kọ́kọ́ kiwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́.

Èsì dé sórí fóònù, testosterone mi, ìyẹn họ́móònù akọ, pupa, pé ó ga jù, wọ́n wá kọ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀ pé ó jọ pé mo ní PCOS. Ibẹ̀ ló ti bí mi nínú. Ìlànà Rotterdam táwọn dókítà ń lò láti 2003, tí wọ́n sì tún tò lọ́dún 2023, nǹkan mẹ́ta ló ń wò: nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, họ́móònù akọ tó pọ̀ jù, yálà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó hàn lára bí irun àgbọ̀n, àti ilé ẹyin tí ẹyin wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ lójú skáànù, àgbàlagbà sì lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AMH, họ́móònù tó ń ti ara ẹyin wẹ́wẹ́ yẹn wá, rọ́pò skáànù yẹn. Ó dìgbà tí 2 nínú wọn bá pé kí wọ́n tó pè é ní PCOS, kí wọ́n sì ti rí i dájú pé kì í ṣe ìṣòro táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn tàbí ti prolactin, họ́móònù omi ọyàn, ló fà á, torí àwọn náà máa ń da nǹkan oṣù rú. Kíìtì yìí ò tiẹ̀ wo prolactin rárá!

Èyí tó burú jù ni ẹni tí testosterone tiẹ̀ ò ga, tí nǹkan oṣù ẹ̀ àti skáànù sì fi hàn pé ó ní in, àwọ̀ ewé, pé kò séwu, ni wọ́n máa fún un, á lọ jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ó lè tó 70% àwọn tó ní in láyé yìí tí wọn ò tíì mọ̀ o.

Wọn ò sì béèrè bóyá èèyàn ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, oògùn tó máa ń fa testosterone wálẹ̀, tó yẹ kéèyàn ti dá dúró fún oṣù 3 kó tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àmọ́ ẹ bá dókítà sọ ọ́ ná kẹ́ ẹ tó dáwọ́ dúró o.

Dókítà tí mo gbé èsì yẹn lọ bá ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, déètì nǹkan oṣù tí mo kọ sínú ìwé ló gbà, ó ń ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn, ó ní tó bá ti ń ju ọjọ́ 35 lọ tàbí tí ò pé 8 lọ́dún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìràwọ̀ 2 yẹn, láàbù wọn tó yára ló ni ín. Mo kọ̀wé sí wọn nípa prolactin, ẹ̀dínwó kíìtì kejì ni wọ́n fi dá mi lóhùn.