Oṣù 14 pẹ̀lú heat press kan: bó ṣe ń ṣe sí irin kéékèèké

Kí n tó ra heat press tí mò ń lò yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ àwòrán mọ́ ara nǹkan, mo ka ohun tí àwọn tó rà á ṣáájú mi sọ. Gbogbo wọn ló yìn ín, àmọ́ aṣọ ni gbogbo wọn fi ń tẹ̀. Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó sọ bó ṣe ń ṣe sí irin. Irin sì ni iṣẹ́ tèmi: kíhódà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sààmì sínú ìwé, àgbékọ́rùn roboto tí kò tóbi ju owó wẹ́wẹ́ lọ, káàdì àlùmíníọ̀mù tí èèyàn ń kì bọ pọ́ọ̀sì. Ẹ̀bùn kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló máa ń wà lára wọn, ẹni tó bá gbà á kì í fi í ṣeré. Ó ti pé oṣù 14 báyìí tí èmi àti ẹ̀rọ náà jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo wá títí nígbà náà tí mi ò rí, òun ni mo jókòó kọ yìí.

Irú èyí tó ń lanu bí ọ̀nì ni. Ìdè rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ ó gbé apá rẹ̀ sókè, ẹ ó tẹ́ iṣẹ́ sísàlẹ̀, ẹ ó sì pa á dé. Àwo rẹ̀ tó ń gbóná fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 38 lóròó àti níbùú. Kọ́kọ́ tí wọ́n fi ń mú kí ó tẹ nǹkan líle tàbí fẹ́lẹ́ wà lókè, ọwọ́ kan tó láti yí i. Apá rẹ̀ ki, kì í mì. Bí mo bá tàn án, bí ìṣẹ́jú 12 ló fi ń dé 200°C, aago rẹ̀ sì ń ké débi pé mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Lórí gbogbo èyí, mi ò ní ẹjọ́ kankan rò.

Ẹjọ́ tí mo ní wà lórí ooru rẹ̀.

Aró tó wà nínú yíǹkì sublimation, èyí tí à ń kọ́kọ́ fi prínta tẹ̀ sórí bébà kí ooru tó gbé e lọ sára irin, kì í yọ́ di omi. Bí ooru bá mú un tó, ṣe ló máa fò láti ara líle di oru, oru yẹn ló sì ń wọnú ọ̀dà polyester tí wọ́n fi bo irin, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kótìn. Ooru á la kótìn yẹn, aró á wọlé, bó bá tutù tán, ó ti há sínú rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹ fi lè fi èékánná họ iṣẹ́ tó jinná dáadáa, tí àwòrán rẹ̀ kò sì ní ṣí. Ṣùgbọ́n tí ooru kò bá pé, aró kò ní wọlé tán. Àlùmíníọ̀mù tí mò ń lò kò nípọn tó mílímítà kan. 200°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 60 ló bá a mu lọ́wọ́ tèmi, kí ìtẹ̀ náà má sì le jù. Bí díígírì 15 bá dín níbẹ̀, ojú yóò rí i.

Ojú mi rí i. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo gbà jẹ́ kíhódà 30. Mo tò wọ́n sábẹ́ àwo náà láti igun dé igun, nítorí mo rò pé sẹ̀ǹtímítà 38 tí wọ́n pè é, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Àwọn tó wà láàárín jáde, wọ́n ń dán, dúdú wọn dú kirikiri. Àwọn tó wà lápá iwájú lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ wọn ṣí, bí ẹni pé wọ́n ti wà nínú oòrùn fún ọdún kan. Dúdú ti di búráùn. Yíǹkì kan náà ni o, bébà kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Mẹ́jọ ló bàjẹ́ nínú 30.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru prínta. Mo fọ ẹnu rẹ̀, mo tún àwòrán tẹ̀, ibi kan náà ló tún ti ṣí. Nígbà náà ni mo lọ yá tẹmómítà tó ní wáyà tín-ínrín lẹ́nu, èyí tí èèyàn lè fi há abẹ́ àwo. (Èyí tó dà bí ìbọn, tí wọ́n máa ń nà sí nǹkan láti òkèèrè, kò ṣeé gbára lé tí ojú àwo bá ń dán.) Ojú ẹ̀rọ kọ 200. Àárín gbùngbùn jẹ́ 201. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún jẹ́ 197. Iwájú lápá òsì jẹ́ 184. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ wọn kò kọjá díígírì méjì. Ohun tó ń wọn ooru fún ẹ̀rọ náà, àárín ló wà. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló ń kọ sójú, kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní igun.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n fi ooru kún un. Ìmọ̀ràn yẹn kò dáa. Bí mo bá gbé e lọ sí 215 nítorí igun, àwọn tó wà láàárín á gbóná jù: funfun wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí lẹ́tà á sì fẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹ kó mọ èyí. Ó dùn mí, nítorí apá tó kù nínú ẹ̀rọ náà, ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi téèpù tí iná kì í jó pààlà sí àárín rọ́bà ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 25 lọ́nà méjèèjì. Inú ibẹ̀ nìkan ni mo ń tò nǹkan sí. Irin kéékèèké kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíhódà 16 máa ń gbà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹ àwòrán ńlá tó kún àwo, kí ó má rà á.

Àléébù kejì wá láti ara ẹnu tó ń là bí ọ̀nì yẹn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó bàjẹ́. Obìnrin kan fi fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ránṣẹ́. Ó fẹ́ àgbékọ́rùn mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá náà ti rẹ́rìn-ín ni, wọn kò ní òmíràn.

Mo fi èékánná ká ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú irin kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ó mọ́ gaara débi pé ojú kì í tètè rí i, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, yíyọ́ ni yóò yọ́ mọ́ irin. Mo fi aṣọ tí kì í tú nù ún, torí èérún òwú kan ṣoṣo tó bá dúró lójú irin lè di àmì bulú ní iwájú orí ìyá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Mo gbé bébà sórí ẹ̀rọ gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè gbẹ. Mo dojú irin dé orí àwòrán, mo fi téèpù dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aago ké. Mo já apá ẹ̀rọ sókè wàì, bí mo ṣe máa ń ṣe sí aṣọ.

Bí ẹnu ẹ̀rọ yìí bá là lójijì, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló gbé irin mẹ́ta kúrò lójú àwòrán wọn. Irin kò tíì tutù, aró ṣì ń yọ oru, ibi tó sún sí, ibẹ̀ náà ló wọ̀. Gbogbo ìlà ojú ìyá náà di méjì-méjì, òjìji aláwọ̀ eérú kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rín rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti rí báyìí kò ṣeé tún ṣe, ó ti wọnú kótìn. Mo gbé irin tuntun, mo dì í ní téèpù nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ki bébà funfun kan sáàárín òun àti àwo, mo sì la ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi là tán. Mo wá ṣí bébà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ṣì gbóná. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ẹ̀rín náà mọ́ kedere. Ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fa afẹ́fẹ́ tó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba àyè jù.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́, irin tí ẹ bá rà náà ṣe pàtàkì. Páálí méjì ni mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò méjì. Àlùmíníọ̀mù ti àkọ́kọ́ ní kótìn tó dán, tó sì dé etí. Páálí kejì jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ti sublimation ni, kò sì sí kótìn kankan lára rẹ̀. Àwòrán hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tó jáde. Mo fi àtàǹpàkò tó lọ́ṣẹ pa á, ojú èèyàn bá a lọ. Irin lásán kò ní ibi tí aró yóò wọ̀. Ní báyìí, páálí yòówù tó bá wọlé, ẹyọ kan ni mo máa kọ́kọ́ tẹ̀, mà á fọ̀ ọ́, mà á họ ọ́, kí n tó gba iṣẹ́ lé e lórí.

Ẹ tún wo àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí funfun nínú yíǹkì wa. Funfun ojú àti eyín, ara irin fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Èyí tí wọ́n kùn ní funfun ni kí ẹ fi ṣe ojú èèyàn. Èyí tó gbé fàdákà rẹ̀ síta dára púpọ̀ fún lẹ́tà, òdòdó àti omi òkun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ọmọ ọwọ́ sórí rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ á máa kọ mànà bíi ti irin. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọjú sódì lórí bébà kó tó lè kọjú síbi tó yẹ lórí irin. Ẹ má sì jẹ́ kí bí àwòrán ṣe ṣú lórí bébà dẹ́rù bà yín. Àyàfi tó bá rí ooru kí àwọ̀ rẹ̀ tó jí.

Mo dán iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí wò fún ọdún kan. Mo so kíhódà kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ara mi, mo fi ìkejì rẹ̀ sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ti ara kọ́kọ́rọ́ kò ṣí rárá. Etí rẹ̀ nìkan ni eyín kọ́kọ́rọ́ ti ha kótìn. Ti ojú fèrèsé ti ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti wá ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé inú ilé àti inú àpò ni kí wọ́n máa fi í sí.

Nínú 5, mo fún ẹ̀rọ náà ní 3 àtààbọ̀. Ìdajì kan lọ nítorí igun tó tutù, odindi kan lọ nítorí èsì tí wọ́n fún mi. Lánàá, obìnrin tó ni àgbékọ́rùn yẹn tún kọ̀wé: àbúrò rẹ̀ bí ọmọ, ó fẹ́ ìkarùn-ún. Irin rẹ̀ ti wà nílẹ̀, láàárín téèpù mi.